Èyí Tí A Rà àti Èyí Tí A Ṣe

Bí ẹ bá dé àdúgbò Mayfair, nítòsí Modakeke, tí ẹ ní ẹ ń wá Alhaja Fàòsíyà Awóníyì, ẹ ó rìn títí ẹsẹ̀ yóò fi máa ro yín. Ìyá Hakeem ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó ń ta gúgúrú lẹ́bàá títì pàápàá yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí mi. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àwọn ọmọ ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò tíì fẹ̀yìn tì, mo sì ní ọpẹ́ kan láti dá kí n tó gbàgbé àwọn tó tọ́ sí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló wà nídìí ọpẹ́ náà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1995, káàdì àwọn aláboyún ti kún yàrá kan ní ilé ìgbẹ̀bí mi, ó sì ti ń wá yàrá kejì. Bí aboyún kan bá dé, nọ́ọ̀sì yóò wọ yàrá káàdì lọ bí ẹni tó wọ oko, a kò ní rí i mọ́ àfi ìgbà tó bá jáde pẹ̀lú eruku lórí. Nígbà mìíràn yóò mú káàdì náà jáde. Nígbà mìíràn yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí á kọ òmíràn fún yín." Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rárá, nítorí káàdì àkọ́kọ́ kì í ṣe bébà lásán. Ohun tí ara obìnrin náà ti fojú rí ló wà níbẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára jù nítorí rẹ̀ ni Abímbọ́lá, ìyàwó Adésọjí Fáníyì tó jẹ́ tíṣà. Nígbà tó wá bí àkọ́bí rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, Dókítà Láoyè, tó máa ń bá wa wo àwọn tó bá le, ní kí á fún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì. Abẹ́rẹ́ tí à ń fún gbogbo ayé ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀, òun alára kò mọ̀, pé ara òun kò gbà á. A kò tíì sọ abẹ́rẹ́ náà nù tí ètè rẹ̀ fi wú, tí ọ̀fun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dí, tí ojú rẹ̀ ń yí. Àá ti ṣe é? A sáré, a pariwo, a gbàdúrà, Ọlọ́run sì ní ká má sunkún. Ó yè é. Lọ́jọ́ tó ń lọ sílé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, mo fi yíǹkì pupa kọ ọ́ gàdàgbà sórí káàdì rẹ̀, mo wá sọ fún un pé, "Níbí yìí, níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mí, kò sẹ́ni tó máa fún ọ ní irú abẹ́rẹ́ yẹn mọ́." Mo ṣèlérí yẹn tọkàntọkàn.

Nígbà tó lóyún kejì tó sì padà wá, a kò rí káàdì. A wá a ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Orí mi gbóná, mo bú nọ́ọ̀sì, mo bú àpótí, mo bú ẹni tó kan àpótí. Abímbọ́lá ló tún ń tù mí nínú.

"Ẹ fi ara balẹ̀ mà. Èmi náà mọ ohun tí ara mi kò fẹ́. Màá máa sọ ọ́ fún wọn."

Mo ní, "Bí o kò bá wá lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé a ó ra kọ̀ǹpútà.

Hakeem ọmọ mi, tó ń ṣe akáǹtáǹtì ní Ìbàdàn, ti ń pariwo kọ̀ǹpútà sí mi létí tipẹ́tipẹ́. Bó ṣe gbọ́ pé mo ti gbà, kò jẹ́ kí n rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ̀ àti páálí pupa kan tó ń dán bí bàtà ọdún. Ó ṣàlàyé fún mi pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan, àfi bí a bá fi ètò sínú rẹ̀ tí yóò máa sọ ohun tó máa ṣe fún un. Ètò náà ló wà nínú páálí, lórí àwọn dísíkì pẹlẹbẹ. Òyìnbó ti ṣe é sílẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn. Ó ń tọ́jú orúkọ aláìsàn, ó ń ṣọ́ oògùn tó kù nílẹ̀, ó ń ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́, ó ń tẹ rìsíìtì.

"Màmá, ẹ wò ó, kò sí wàhálà kankan," ni Hakeem wí bó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì. "Gbogbo rẹ̀ ti wà ní ṣíṣe. Lọ́la ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀."

Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀, ó sì béèrè orúkọ ìdílé aláìsàn.

Mo ní, "Tẹ Ìyá Hakeem sí i."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, Ìyá Hakeem kì í ṣe orúkọ."

"Kí wá ni mo ti ń jẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ?"

Ó tẹ̀ ẹ́ láti fi tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀rọ náà kọ̀ jálẹ̀. Orúkọ ìdílé ló fẹ́, lẹ́yìn náà orúkọ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọjọ́ ìbí, bí a kò bá sì fún un ní ohun tó ń béèrè, kò ní ṣílẹ̀kùn. Mo wá ronú nípa àwọn obìnrin tí wọ́n máa ń gbé wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ariwo. Ta ló ń gbé wọn wá? Alájọgbé ni, ẹni tí wọ́n jọ ń tajà ni, awakọ̀ takisí tó ṣàánú wọn lójú ọ̀nà ni. "Mátírọ̀n, ẹ gbà wá, Ìyá Ìbejì ni o!" Ibẹ̀ ni ìmọ̀ wọn pin sí. Ládùúgbò wa, bí obìnrin bá ti bímọ, ta ló tún ń fi orúkọ rẹ̀ gan-an pè é? Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó wò ó lójú bóyá ara rẹ̀ yá.

Mo sọ gbogbo èyí fún Hakeem. Ó mi orí.

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn yín kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ orúkọ ìdílé wọn. Ìlú kì í dúró sójú kan, Màmá."

Èmi kì í fi òtítọ́ ṣeré: ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ohun tó wà nínú páálí ti wà nílẹ̀, àwọn mìíràn ti lò ó, wọ́n sì ti ṣa àṣìṣe inú rẹ̀ kúrò. Oyún Abímbọ́lá kò sì ní dúró dè wá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí ó ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́olúwa ló bà á jẹ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ayé tirẹ̀ bàjẹ́ láé. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lọ́dọ̀ wa, ó wá gbé ọbẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà, ariwo èmi àti Hakeem ló sì fà á wọ ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó na ọrùn wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ má bínú mà. Wọ́n lè kọ ti ara yín fún yín."

"Kọ kí ni?"

"Ètò náà, mà. Bí télọ̀ ṣe máa ń wọn ara ẹni kó tó rán aṣọ. Kò pọn dandan kí ẹ wọ èyí tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn."

"Télọ̀!" Mo pàtẹ́wọ́. "Ìwọ náà mọ àwọn télọ̀? Ọ̀la, ọ̀la, títí ọdún yóò fi dé tí a ó wọ aṣọ èṣí."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi kì í ṣe irú wọn, mà."

Irú wọn gan-an ni, ẹ ó rí i láìpẹ́.

Hakeem kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ó bi í léèrè, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń bi olè lọ́rọ̀, pé bí iṣẹ́ bá gbé e lọ sí Lágòs lọ́la, ta ló máa tún ètò náà ṣe bó bá bàjẹ́. Ọ̀rẹ́olúwa gbà pé ìbéèrè gidi ni. Ó ní òun yóò kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní bí a ṣe ń ṣe é, òun yóò sì fi ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, pé oṣù mẹ́ta ni òun yóò fi ṣe é. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Mà, bí wọ́n bá sáré gbé aboyún wọlé, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ béèrè?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ohun tí mo ń ṣe. Àwọn yòókù ń sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe fún mi ni. Mo jókòó, mo sì sọ ọ́ fún un: mo máa ń béèrè pé ìyá ta ni, pé àdúgbò wo ló ń gbé, pé níbo ló ti ń tajà tàbí ṣiṣẹ́, pé ta ni ọkọ rẹ̀. Nígbà tí mo bá máa fi gbọ́ èsì mẹ́ta, mo ti mọ ẹni náà. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tí màá gbé iṣẹ́ fún.

Ọmọ mi kò bá mi jà. Ó kàn gbé páálí rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó ní, "Oṣù mẹ́ta ló sọ o, Màmá. Mò ń kà á."

Ọ̀rẹ́olúwa bẹ̀rẹ̀. Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, bó bá ti kúrò ní yunifásítì, á wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, á máa wo bí wọ́n ṣe ń gba ènìyàn wọlé, á sì máa tẹ kọ̀ǹpútà lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí náà mi ò fún un nísinmi. Lọ́jọ́ kan mo ní kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa kí ènìyàn káàárọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo ní kí ó máa rán wa létí ẹni tó bá pa ọjọ́ ìgbàyẹ̀wò jẹ. Ó máa ń ní, "Ó ti yé mi mà," iṣẹ́ náà á sì tún gùn sí i. Bí Hakeem bá fóònù, á ní, "Ṣé télọ̀ yín ti rán an tán?" Màá ní kí ó lọ jókòó sí Ìbàdàn rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, mo dá a dúró pátápátá. Ó pè mí wá wo ibi tí wọn yóò ti máa kọ ẹni titun sílẹ̀. Ó dára, ó mọ́, gbogbo ohun tí mo sọ ló wà níbẹ̀. Níwájú ibi tó ti béèrè pé ìyá ta ni, ó fi àyè kan sílẹ̀ fún orúkọ àkọ́bí.

Mo ní, "Ọ̀rẹ́, àyè ẹyọ kan?"

"Orúkọ àkọ́bí nìkan la fẹ́ níbẹ̀, mà."

"Mo gbọ́. Orúkọ mélòó ni wọ́n sọ ìwọ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ?"

"Á, ó pọ̀, mà. Ẹbí tìyá, ẹbí ti bàbá, gbogbo wọn ló sọ ọ́."

"Kí ni ìyá ìyá rẹ ń pè ọ́?"

"Ìbídùnní ni, mà. Ìyẹn ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀."

"Nígbà tí ìyá rẹ bá wá lọ sílé wọn, ìyá ta ni wọ́n ń pè é?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Ìyá Ọ̀rẹ́ ni lọ́dọ̀ wa, mà. Ìyá Ìbídùn ni lọ́hùn-ún."

Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì gbàgbé ilé, ó rò pé ènìyàn kan, orúkọ kan. Ó ní bí òun bá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà fi orúkọ púpọ̀ wá ẹnì kan ṣoṣo, òun yóò tú bí ìdajì iṣẹ́ náà palẹ̀. Mo wò ó, mo rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo tún wo ìta, mo rí Abímbọ́lá lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláboyún, ikùn rẹ̀ ti ga dé àyà. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí mo bá jẹ́ kí ó tú u palẹ̀, ó lè má parí kí obìnrin yìí tó bímọ. Bí mo bá sì jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀, à ń tan ara wa jẹ ni.

Ọ̀rẹ́olúwa ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. "Mà, ẹ jẹ́ kí n tú u. Mi ò lè gbé ohun tí mo mọ̀ pé kò pé sílẹ̀ fún yín."

Hakeem gbọ́, ó ní ṣebí òun sọ bẹ́ẹ̀. Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà lọ, mi ò ní kí ọmọbìnrin náà fi ohunkóhun kún un mọ́, kódà nígbà tí ọ̀rọ̀ wà lórí ahọ́n mi. Mo ń se oúnjẹ fún un, mo sì ń gbàdúrà sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà bí ẹni pé aláìsàn ni.

Ó parí nígbà tó kù díẹ̀ kí oṣù Abímbọ́lá pé. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn obìnrin sínú rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbàyẹ̀wò, ọjọ́ náà sì dùn. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè pé, "Kí ni ìyá ọkọ yín ń pe ọmọ? Kí ni wọ́n ń pè yín nílé? Kí ni wọ́n ń pè yín ní ṣọ́ọ̀bù?" ẹ̀rín á sọ. Ẹnì kan ní mẹ́fà ni òun ń jẹ́, pé èyí tí ọkọ òun ń pe òun kò ṣeé sọ níwájú ènìyàn. Mo rí Abímbọ́lá tó tẹ̀ síwájú, tó sọ tirẹ̀ sí nọ́ọ̀sì létí. A kọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá. Mo wá pàṣẹ fún gbogbo wọn, àti dókítà, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gún aboyún lábẹ́rẹ́ títí a ó fi béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, mi ò sí nílé. Ìpàdé àwa tó ni ilé ìgbẹ̀bí gbé mi lọ sí Òṣogbo láti òwúrọ̀. Nọ́ọ̀sì Ọláyínká ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ni, kò rí Abímbọ́lá rí. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló ń dúró fún Dókítà Láoyè, òun náà kò mọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu Ọláyínká ni mo ti gbọ́ ọ.

Abímbọ́lá ní ṣọ́ọ̀bù ní Modakeke, níbi tó ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀. Omi ti ń jò lára rẹ̀ láti àná, kò fiyè sí i. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ibà ti gbé e dè, ó ti ń sọ̀sọkúsọ. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń tajà ló gbé e sínú takisí. Wọ́n mọ̀ pé Mayfair lọ́dọ̀ Ìyá Hakeem ló ti fẹ́ bímọ, nítorí ó ti máa ń sọ ọ́ fún wọn. Nígbà náà, kí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa, ọ̀nà Modakeke sí Mayfair ṣì jẹ́ ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà láìronú.

"Ìyá Ayọ̀ ni o! Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà wá!"

Dókítà fọwọ́ kàn án, ó ní ibà inú ilé ọmọ ni, pé ọmọ àti ìyá wà nínú ewu. Ó ní kí wọ́n mú ampisílíìnì wá kíákíá. Ẹ̀gbọ́n pẹnisílíìnì ni tàbí àbúrò rẹ̀, ẹbí kan náà ni wọ́n.

Ọláyínká sáré sídìí kọ̀ǹpútà. Ó béèrè pé kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Àwọn obìnrin náà wo ojú ara wọn.

"Ìyá Ayọ̀ ni. Ìyá Ayọ̀ ni gbogbo wa ń pè é."

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Tíṣà ni. Bàbá Ayọ̀."

Dókítà pariwo láti inú wọ́ọ̀dù pé kí ni wọ́n ń dúró dè. Ọláyínká tẹ Ayọ̀ sínú ẹ̀rọ. Ìyá Ayọ̀ jáde lóríṣiríṣi. Ó béèrè ibi tó ti ń tajà, wọ́n ní Modakeke, òwú àti bọ́tìnnì. Ó tẹ ìyẹn náà, gbogbo wọn sì lọ, ó ku ẹyọ kan: Abímbọ́lá Fáníyì. Àkọ́bí rẹ̀, Fisáyọ̀mi, tí wọ́n tún ń pè ní Ayọ̀délé. Lábẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà ńláńlá náà wà. Nígbà tó máa fi wọ wọ́ọ̀dù, dókítà ti fa abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, ó ti ń fi òwú nu apá obìnrin náà.

"Dókítà, ẹ dúró! Ó máa pa á!"

Ó dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà yẹn títí dòní, nítorí àwọn kan wà tí wọn kì í dúró bí nọ́ọ̀sì bá pariwo mọ́ wọn. Ó sọ abẹ́rẹ́ náà nù, ó mú oògùn mìíràn tí kò bá ẹbí yẹn tan. Kí oòrùn tó wọ̀, Abímbọ́lá ti bí obìnrin. Iná kò lọ lọ́jọ́ yẹn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ń dúpẹ́ fún, ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù.

Mo dé láti Òṣogbo, mo bá a tó ń sùn, tó ń mí geere. Mo di Ọláyínká mú, mo sunkún sí i lọ́rùn títí kólà aṣọ rẹ̀ fi tutù. Mo ránṣẹ́ pe Ọ̀rẹ́olúwa. Ó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó tún un kà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwo ibi tó jókòó sí. Mo fóònù Hakeem. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Màmá," ó wí nígbẹ̀yìn, "ẹ bá mi kí Ọ̀rẹ́olúwa. Ẹ ní mo kí i dáadáa."

Kí ẹ má bàa rò pé páálí pupa kò wúlò, Ọ̀rẹ́olúwa fúnra rẹ̀ ló ní kí Hakeem gbé e padà wá fún owó oṣù àti oògùn. Ó ní kò sí ìdí tí òun yóò fi ṣe irú ìyẹn látilẹ̀, pé owó oṣù tiwa kò yàtọ̀ sí ti Òyìnbó àfi pé tiwa kéré. Hakeem gbé e wá, ó sì dúpẹ́, ètò náà sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ní ọjọ́ kejì, màmá Abímbọ́lá dé láti abà tí wọ́n lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà. Bàbá arúgbó onírùngbọ̀n ni wọ́n rò pé àwọn máa bá. Nígbà tí mo fi Ọ̀rẹ́olúwa hàn wọ́n, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ẹ wò ó, àgbàlagbà tó lè bí ìyá rẹ̀. Ọ̀rẹ́olúwa kígbe, òun náà wólẹ̀, ó tẹ̀ títí iwájú orí rẹ̀ fi kan sìmẹ́ǹtì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde nínú wọn.

"Òun nìkan ló kù fún mi," ni màmá náà ń wí. "Òun nìkan ló kù fún mi láyé o."

Mo gbé wọn dìde, mo fún wọn ní àga. Wọ́n béèrè bí a ṣe rí ọmọ wọn nínú gbogbo ènìyàn. Mo ní orúkọ Ayọ̀délé ló mú wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Màmá náà mú etí gèlè nu ojú.

"Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ayọ̀délé," ni wọ́n wí. "Èmi nìkan ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀, àfi àwọn tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ ẹ. Ó ní Fisáyọ̀mi tí bàbá òun sọ ọ́ ti tó, pé mò ń da orí ọmọ òun rú. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, orúkọ yẹn kò ti ẹnu rẹ̀ jáde rí. Ìyá ọmọ náà kì í sọ ọ́ lójú rẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ìdí tí Abímbọ́lá fi sọ tirẹ̀ sí nọ́ọ̀sì létí.

Mo gbójú sókè. Adésọjí wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ tán. Ènìyàn gígún ni, ẹni tí kì í bá ènìyàn ṣeré, aṣọ rẹ̀ kì í rún. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó dìde, eruku wà láyà rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n nù. Ó yíjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ọmọkùnrin rẹ̀ jókòó sí tó ń ti ìdérí ike kan síwá sẹ́yìn.

"Ayọ̀délé," ó pè é.

Ọmọ náà kò mira. Kò gbọ́ ọ rí láti ẹnu bàbá rẹ̀.

"Ayọ̀délé." Ó tún pè é. "Wá kí ìyá rẹ."

Ọmọ náà gbé ìdérí náà sílẹ̀, ó wò ó.

"Bàbá, ṣé èmi lẹ ń pè?"

"Ìwọ ni," ni Adésọjí dáhùn, ó sì na ọwọ́ sí i. "Ìwọ náà ni."